Orin Ẹni Méjì

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ìyàwó télọ̀ kú. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, télọ̀ padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí pé aṣọ oníbàárà ṣì wà nílẹ̀.

Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni ilé wọn. Inú pálọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní ara ògiri tó kọjú sí i ni dùùrù oníná tí obìnrin náà ń lò wà, pẹ̀lú àga gbọọrọ kan tí ẹni méjì lè jókòó lé. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kò ṣí dùùrù náà. Aṣọ ni wọ́n dà bò ó. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ náà, ó ká etí rẹ̀ yípo, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, bí ẹni pé oníbàárà kan yóò wá gbà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, sáà ilé-ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọmọ-ọmọ télọ̀ jókòó níwájú búrẹ́dì àti tíì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bíńtín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó kéré, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò jẹ búrẹ́dì náà. Ìka ló ń fi lu etí tábìlì.

"Bàbá àgbà."

"Mo ń gbọ́."

"Òní ni ìgbọ́rin."

"Ìgbọ́rin wo?"

"Ti ilé-ìwé. Ní ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú kíláàsì orin ní sáà tó ń bọ̀ máa gbá orin kan níwájú àwọn òbí. Mádáàmù ní ẹni tí kò bá ní ìwé orin, kó má wulẹ̀ wá."

"Ìwé orin wo nìyẹn?"

"Èyí tí wọ́n ń tà ní ọ́fíìsì. Mo ti sọ fún Mọ́mì."

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ìgbà wo lo sọ fún un?"

"Ó ti pẹ́. Láti ìgbà tí Ìyá àgbà ò ti kọ́ wa mọ́, wọ́n máa ń lé àwa tí a ò ní in síta tí wọ́n bá ń ṣe orin. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ibẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ náà ti ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ télọ̀ ni, òun nìkan ló bí. Ilé ìwòsàn ló ti ń gbálẹ̀, iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀. Ọmọ yìí ní wọ́n ń lé òun síta ní kíláàsì."

Obìnrin náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bíńtín, o ò lè jẹ́ kí n mí ná?"

"Mo bi í ni ó fi sọ. Kí ló dé tí ìwọ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún yín kí ẹ ṣe kí ni? Bàbá, ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ìwé yẹn? Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Bébà lásán! Bébà tí wọ́n gún pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́!"

"Ìyá rẹ ò bá ti—"

"Ẹ má tíì mú Ìyá mi wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tíì sùn."

Ohùn kan ta láti ojú fèrèsé. Ìyá Ògiri Kejì ni, aládùúgbò wọn, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà òun àti wọn. "Ẹ jẹ́ kó jókòó ná o! Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ tún gbé iṣẹ́ míì lé e lórí!"

"Ẹ ṣeun, Ìyá. A ò tíì pè yín," ni ìyá Bíńtín dáhùn.

"Ṣé mo wí nǹkan kan ni? Etí mi ni mi ò lè tú sílẹ̀ kí n gbé e pa mọ́! Àmọ́ kí ni ọmọ náà fẹ́ fi dùùrù ṣe gan-an? Ẹ kọ́ ọ ní irun dídì. Ìyẹn ń mówó wọlé."

Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ tó ń fi ìkòkò lu ìkòkò nínú ilé tirẹ̀.

Télọ̀ dìde. "Bébà orin tí ìwọ àti Ìyá àgbà máa ń gbá ńkọ́? Níbo ló wà? Mú un lọ bá wọn."

Ìyá rẹ̀ ni Bíńtín wò. Ìyá rẹ̀ sì ń wo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo fi sí wọn lọ́wọ́," ni obìnrin náà wí.

"Sí ta ni lọ́wọ́?"

"Ìyá mi. Kí wọ́n tó dé pósí. Òun ló wà lórí dùùrù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Mo rò pé wọ́n á fẹ́... Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Télọ̀ mú òwú kan tó já sílẹ̀, ó wé e mọ́ ìka, ó sì fi í sí àpò.

"O ṣeun," ni ó wí.

Bíńtín ti kúrò nídìí tábìlì. "Ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Bàbá àgbà. Ìyá àgbà gbé e síbẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọdé kankan má bàa sọ pé òun ò rí orin gbá. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹpútà."

Wọ́n jáde. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Orin ẹni méjì ni orin náà. Òun máa ń jókòó lápá ọ̀tún, òun á máa gbá ohùn òkè, Ìyá àgbà á jókòó lápá òsì, wọ́n á máa gbá ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí òun kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Òun á kàn dákẹ́, òun á ka ọ̀kan títí dé ẹ̀rin nínú, kí Ìyá àgbà dá gbá tiwọn, lẹ́yìn náà òun á tún wọlé.

"Ibi yẹn ló le jù," ni Bíńtín wí. "Wọ́n ní ọmọ tí kò bá lè dákẹ́ kò tíì mọ orin."

Télọ̀ kò mọ àmì orin kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n orin yẹn kò ṣàjèjì sí i. Láti ìdí ẹ̀rọ ló ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń dá ẹ̀rọ dúró kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ti wọn, tí ìyàwó rẹ̀ bá sì bi í pé ṣé òwú já ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kọ̀ǹpútà wà ní ìpẹ̀kun òpópónà. Obìnrin alára ńlá ni, ìgò ojú méjì ló máa ń lò, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Inú ṣọ́ọ̀bù náà gbóná, ó ń rùn fún tàdáwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Bàbá Télọ̀! Ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ṣé ẹ wá wo sòkòtò tí ẹ rán fún ọkọ mi ni? Ẹ má wò ó. Ikùn ti gba gbogbo ẹ̀."

"Ẹ bá wa tẹ bébà kan," ni télọ̀ wí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bínú.

"Kí lorúkọ orin náà?"

"'Òjò Lórí Páànù'," ni Bíńtín wí.

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ìkànnì kan ló ṣí, níbi tí àwọn olùkọ́ ń kó orin ọmọdé sí kí olùkọ́ mìíràn lè rí i lò. Orin àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́tipẹ́, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ pé tòun ni. Olùkọ́ kan á mú un, á jẹ́ kó rọrùn fún ìka kékeré, á sì dá a padà síbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Télọ̀ mọ̀ pé ìyàwó òun máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó rò pé ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Bébà náà yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìkọ̀wé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ó ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà sórí àmì kọ̀ọ̀kan kí ọmọ lè mọ ìka tí yóò lò, nọ́ńbà 4 rẹ̀ sì dà bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń kọ ọ́ sára ìwé ìwọ̀n aṣọ nígbà tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ kọ ọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ìlà kan: *Fún àwọn ọmọdé. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dà á kọ, ẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ má tà á.*

Télọ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà kó lè kà á dáadáa. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ẹ̀yìn àti iwájú ni ẹ fẹ́ àbí ojú kan?" ni Ìyá Kọ̀ǹpútà bi í. "Ojú-ewé méjì ni."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn àti iwájú. Kí la fẹ́ fi ẹ̀yìn bébà ṣe?" Iṣẹ́ télọ̀ ló mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń wá bí yóò ti rí ẹ̀wù méjì yọ nínú aṣọ ẹ̀wù kan àbọ̀.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Kọ̀ǹpútà bọ́ ìgò ojú kan, ó fi ẹ̀kejì rọ́pò rẹ̀, ó tún bọ́ ìyẹn náà.

"Bàbá Télọ̀, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ọjọ́ yìí. Ẹ má bínú sí mi. Akọ̀wé ilé-ìwé Mádáàmù wá síbí, ó ku díẹ̀ kí Ìyá kú. Ibi tí a ṣí yìí gan-an ló ní kí n ṣí. Gbogbo orin Ìyá tó wà níbẹ̀ ló ní kí n tẹ̀. Ó ní kí n fi bébà funfun bo ìlà ìsàlẹ̀ yìí kí n tó ṣe fọ́tókọ́pì. Mo sì bò ó."

"O bò ó."

"Ọwọ́ mi yìí náà ni. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá. Ìyá ló ń kọ́ wọn lórin níbẹ̀, mo rò pé wọ́n jọ sọ ọ́ ni. Nígbà tí Ìyá wá tẹ nǹkan lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún wọn."

"O sọ fún un?"

"Mo sọ. Wọ́n wá ní, 'Ṣé àwọn ọmọ á ṣáà gbá a?' Mo ní wọ́n á gbá a. Wọ́n ní ó dáa."

Télọ̀ gba bébà náà. Ó ṣì gbóná. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ sùn, kò sì sọ fún un. Bóyá ó mọ̀ pé ọkọ òun yóò bínú. Bóyá ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún sí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bi léèrè mọ́.

Ìyá Kọ̀ǹpútà kò gba owó. Télọ̀ fi owó náà sórí ẹ̀rọ, ó jáde.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá Bíńtín wà ní ìdúró nínú ilé ìdáná, ó ń jẹ ìrẹsì tútù látinú ìkòkò. Télọ̀ ní kí Bíńtín lọ wẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbọ́ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ìwé tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé ọmọ mi síta. Ìyá mi ló kọ ọ́."

"Òun ni."

Ó rẹ́rìn-ín kan, ẹ̀rín tí kò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó sì dúró síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ìdajì owó ilé-ìwé ni Mádáàmù ń gbà lọ́wọ́ mi, nítorí pé Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìyá mi ti kú, kò sì tíì béèrè ìdajì kejì. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni tàbí ó ṣàánú wa. Tí ẹ bá lanu níbẹ̀ lónìí, ó máa rántí."

"Ṣé ká dákẹ́?"

"Ẹ bá mi dákẹ́. Kì í ṣe pé kò dùn mí. Ẹ kàn bá mi dákẹ́."

"Mi ò ní sọ̀rọ̀," ni télọ̀ wí.

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà lọ sùn, nítorí pé kò ní rí oorun mìíràn sùn kó tó padà síbi iṣẹ́. Télọ̀ lọ aṣọ ilé-ìwé Bíńtín. Bọ́tìnnì kan fẹ́ já lára rẹ̀. Ó tún un rán, ó fi eyín gé òwú náà. Wọ́n sì lọ.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé náà fẹ̀, páànù rẹ̀ ga, gbogbo ìró ló ń padà wá bá ẹni tó dá a. Àwọn òbí jókòó sórí àga kéékèèké tí wọ́n kó jọ láti kíláàsì. Lẹ́nu ọ̀nà ni tábìlì kan wà, tí wọ́n to ìwé orin náà lé bí bíríkì. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Télọ̀ mú ọ̀kan, ó ṣí i. Ó rí nọ́ńbà 4 tó dà bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó wo ìsàlẹ̀ bébà náà. Ó funfun báláú.

Ó tì í padà síbi tó ti mú un.

Ẹni tó ni ilé-ìwé náà ti ń bọ̀ wá bá a. Obìnrin tó mọ ara tọ́jú ni, tó máa ń rìn bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Mádáàmù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìyá wa ṣe dáadáa níbí, a ò ní gbàgbé wọn." Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi í sílẹ̀. "Ìwé Bíńtín dà?"

Bíńtín na bébà rẹ̀ sí i.

Mádáàmù wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúró díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bébà náà. Lẹ́yìn náà ó dá a padà.

"Fọ́tókọ́pì nìyí, Bàbá. A ò fẹ́ ayédèrú níbí. Tí gbogbo òbí bá ń tẹ tiwọn wá, kí la ó fi san owó tíṣà?"

Télọ̀ pa ẹnu mọ́.

Tíṣà orin tí wọ́n gbà rọ́pò ìyàwó rẹ̀ ti sún mọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, wọ́n sì ti yí i padà rí. Télọ̀ rí ìyẹn kó tó rí ojú rẹ̀. "Mádáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbá a. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Màá bá a gbá ohùn ìsàlẹ̀."

"Ẹni tó bá ní ìwé ni tíṣà ń bá gbá. Àwọn tó rà á ńkọ́? Kí ni n óò sọ fún wọn?" Ó wo Bíńtín, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ó dáa. Kó dá gbá a. A ó gbọ́ ọ."

Nígbà tí Mádáàmù lọ, tíṣà náà gba bébà náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ta ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ báyìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ wò ó, sà. Orin ẹni méjì ni. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló yẹ kí méjèèjì wà. Ẹni apá òsì ń wo ti òsì, ẹni apá ọ̀tún ń wo ti ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹ ṣe yìí, ẹ ti kọ ẹ̀yìn wọn síra. Tí ọ̀kan bá ń rí tirẹ̀, èkejì ò rí nǹkan kan."

Télọ̀ wo bébà náà. Tí ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ, yóò bú u. Ó fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ó rántí pé òun ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ̀rọ̀, ó sì fi ìyẹn ṣe àwáwí fún ara rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ní ìwé gbá tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tíṣà ń jókòó tì wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó wá kan Bíńtín.

Ó rìn lọ sídìí dùùrù. Àga gbọọrọ ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó jókòó sí apá ọ̀tún pátápátá, ó fi apá òsì sílẹ̀. Ó gbé bébà náà kọ́ síwájú, ohùn tirẹ̀ ló kọjú sí i. Ó wò ó. Ó sì mú un, ó yí i padà, ó jẹ́ kí ohùn ìyá àgbà rẹ̀ kọjú síta, ó sì sún un lọ sí apá òsì, níwájú ibi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó.

Tíṣà orin rí i. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Bíńtín bẹ̀rẹ̀. Ohùn òkè nìkan, ó tín-ín-rín, ó mọ́, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán. Gbọ̀ngàn náà ń gbá a padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ètè rẹ̀ ń ka ọ̀kan títí dé ẹ̀rin.

Àwọn òbí dúró dè é. Ẹnìkan wúkọ́.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún gbá a. Ó tún dúró. Ó tún gbé ọwọ́ lé itan. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin kan níwájú télọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀. "Ó ti gbàgbé. Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ, àyà rẹ̀ ti já." Ọkọ rẹ̀ ní, "Kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Télọ̀ kò gbọ́ wọn mọ́. Nínú gbogbo ibi tí ọmọ náà ń dákẹ́ sí, ó ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ bó ti máa ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìró àga tó máa ń dún tí ìyàwó rẹ̀ bá nawọ́ sí apá òsì. Ohùn náà pé. Kò sí ibì kankan tó ṣófo nínú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé nínú gbogbo ènìyàn tó kún gbọ̀ngàn yẹn, òun nìkan àti ọmọ náà ló ń gbọ́ ọ.

Bíńtín parí rẹ̀. Ó dìde, ó tẹrí ba fún àwọn ènìyàn. Ó yí sí apá òsì, ó tẹrí ba fún àga. Bí òun àti ìyá àgbà rẹ̀ ti máa ń ṣe nílé nìyẹn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mádáàmù ti wà níwájú. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, Bíńtín. O gbìyànjú. Ìdajì orin lo gbàgbé, ìyẹn ò burú. Tí o bá ti ra ìwé, wàá padà wá."

"Mi ò gbàgbé, mà," ni ọmọ náà wí. Gbọ̀ngàn gbé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn. "Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Ti Ìyá àgbà ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Télọ̀ dìde. Ó lọ sídìí dùùrù, ó mú bébà náà, ó mú ọwọ́ ọmọ náà. Wọ́n gba àárín àwọn àga kọjá. Nígbà tó dé tábìlì ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ṣí ìwé tó wà lókè pátápátá sí ojú-ewé orin náà, ó tẹ́ bébà Bíńtín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dúró, bí a ti ń tẹ́ aṣọ kí a tó gé e. Ìlà ìsàlẹ̀ hàn kedere, ibi tó funfun báláú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Obìnrin tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó dìde wá wò ó.

Fóònù ti dé ilé ṣáájú wọn. Ìyá Bíńtín wà lórí ìdúró ní pálọ̀, ó gbé e mọ́ etí.

"Ẹ̀n, mà... Ẹ̀n, mà. Mo gbọ́. A dúpẹ́, mà."

Ó gbé e sílẹ̀. Ìyá Ògiri Kejì pàápàá dákẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀.

"Ó ní ká san gbogbo ẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, tàbí ká wá ilé-ìwé míì."

"Mi ò sọ̀rọ̀," ni télọ̀ wí.

"Mo gbọ́ pé ẹ ò sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ fi bébà kan sílẹ̀. Ó ní àwọn òbí ń yà á sí fóònù." Ó wo bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Télọ̀ rò pé yóò pariwo. Yóò sàn fún un kó pariwo. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bíńtín jókòó sílẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. "Ṣé mo ti kúrò nínú kíláàsì orin nìyẹn, Bàbá àgbà?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa," ni ọmọ náà wí, ó sì bọ́ bàtà kejì.

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ padà dé. Bébà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká aṣọ tó bo dùùrù kúrò, ó fún bàbá rẹ̀. Ó gbé bébà méjèèjì kọ́ síwájú, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ó fi ìka tọ́ etí wọn kí wọ́n gún.

"Ojú kan, ojú kan," ni ó wí. "Mo ní kí Ìyá Kọ̀ǹpútà má tẹ ẹ̀yìn." Ohùn rẹ̀ fẹ́ já, kò jẹ́ kó já. "Èyí tí mo fi sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n máa lò ó níbẹ̀." Ó lọ sí yàrá lọ múra iṣẹ́.

Bíńtín jókòó sí apá ọ̀tún. Télọ̀ dúró, ó ká aṣọ náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí i. Nígbà tó yá ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì wá jókòó sí apá òsì. Tìmùtìmù ibẹ̀ ti rì. Ara rẹ̀ bọ́ sínú ibi tó rì náà.

"Fi èyí tó ṣáájú hàn mí," ni ó wí.

Ọmọ náà mú ìka rẹ̀. Ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún títí tó fi le. Ó gbé e lé eyín dùùrù kan ní ìsàlẹ̀.

"Tí mo bá dákẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má yọwọ́. Ẹ ka ọ̀kan títí dé ẹ̀rin."

"Èyí kan ṣoṣo?"

"Èyí kan ná."

Ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó yẹ, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì dákẹ́. Télọ̀ tẹ ìka rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ìyàwó télọ̀ fi sílẹ̀ nìyí:

Dùùrù oníná kan, tí eyín rẹ̀ kan kì í dún mọ́.

Àga gbọọrọ kan, tí ó rì lápá òsì.

Ìgò ojú kan nínú àpò rẹ̀.

Pẹ́ńsù kan tó ti fi eyín gé ìdí rẹ̀ jẹ.

Orin àwọn ọmọdé, lórí ìkànnì kan tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀ wọn.

Ọmọ obìnrin kan, tó ń ṣiṣẹ́ òru.

Ọmọ-ọmọ kan, tó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́.

Ọkọ kan, tó mọ ohùn kan ṣoṣo.